Ojú Pọ́ńṣì Mẹ́ta

Mẹ́jọ ni wọ́n nínú páálí bísíkíìtì
ní ìsọ̀ Ògbọ́nnáyà, ní Ládípọ̀,
òjò àná ṣì ń kán láti etí páànù.
"Tòkunbọ̀ ni," ó ní, "irin rírọ, kì í ṣe dídà.
Mo fi Ọlọ́run búra."
Akínlàjà ń mi ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi.
Ó ti ra kíránkì tí apá rẹ̀ gùn,
ó fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ mí ju bí wọ́n ṣe dá a lọ,
owó àjọ ọdún méjì wà lápò rẹ̀,
ó sì rò pé ojú lásán la fi ń mọ irin.

Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.
Mo dojú ọ̀kan dé,
mo wo abẹ́ orí rẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò kó tó rà á.
Ohun tí wọ́n dà, kì í gbàgbé ibi tí wọ́n ti dà á:
ojú àránpọ̀ á wà lára rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí àpá abẹ,
igun inú á mú, nọ́ńbà á wú sókè.
Èyí kò ní.
Ẹ̀rọ ńlá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó gbóná,
inú rẹ̀ nípọn, ó dán bí ikùn igbá,
ojú abẹ ló sì gé ìyókù.

Ihò píìnì, ìdodo ni bàbá mi ń pè é.
"Ṣẹkínà, wo ìdodo rẹ̀.
Bí kíránkì bá gùn lápá, ìdodo gbọ́dọ̀ sún mọ́ orí,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, písítìn á yọjú kọjá ẹnu ilé,
á fi iwájú orí gbá ìdérí."
Mo wọ̀n ọ́n. Ó sún mọ́ orí débi pé
ihò náà ti jẹ wọ ojú òrùka ọ́ìlì.
Kò sẹ́ni tó ń kúrú tó báyìí lásán.

Yẹ̀rì rẹ̀ ti họ díẹ̀ lápá kan.
Ìyẹn ò burú, òwúrọ̀ ló ṣe é:
irin rírọ a máa fẹ̀ bó bá gbóná,
wọ́n á fún un láàyè nínú ilé,
á máa lu ògiri ní ìdájí
títí ara rẹ̀ á fi yá,
àwọn aládùúgbò á ní ẹ́ńjìnnì ti kú.

Mo gbé ìkejì sí ìmọ́lẹ̀.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, nínú:
ojú pọ́ńṣì mẹ́ta, tó dúró bí ààrò.

Ariwo ọjà jìnnà sí mi.
Rájì ti Ìdí-Òrò nìkan ló ń sààmì báyìí,
lẹ́yìn tó bá ti fi fáìlì họ inú wọn
tí ìwọ̀n gbogbo wọn dọ́gba.
Òkun wo ni wọ́n gbà bọ̀?
Láti Ìdí-Òrò dé ibí, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn ín.

Mo gbé òṣùwọ̀n kékeré jáde.
Ìkẹta, ìkẹrin, títí dé ìkeje:
gíráàmù kan ò yà,
bí ẹsẹ̀ àwọn tó tò sí sáàfù.
Ìkẹjọ wúwo. Wọ́n ti fi sáńpépà fọ ojú rẹ̀,
ṣùgbọ́n ojú àránpọ̀ ṣì wà ní kọ̀rọ̀.
Mo tì í padà sọ́dọ̀ Ògbọ́nnáyà.
Ó wò ó, ó họ orí.
"Bí ẹni tó tà á fún mi ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Ìkẹjọ wa ńkọ́?" Akínlàjà bi mí.
Mi ò mọ̀. Bóyá òun ló fọ́
tí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ fi dákẹ́.
Mo fi àkísà wé méje lọ́kọ̀ọ̀kan.
N kò sọ fún un ẹni tó ni àmì náà.
Ògbọ́nnáyà dá iye, ó ń dúró dè mí
kí n gé e sí ìdajì bí ìṣe mi.
N kò ná an.